Ewì Àwọn Àáfà: Láti Inú Àpótí Dé Ọwọ́ Aráyé

Bismillāhi r-Rahmāni r-Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi kálámù kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́dún yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí àáfà àgbà kan bá kú nílẹ̀ wa, a máa ń pín aṣọ rẹ̀, a máa ń pín ilé rẹ̀, nígbà mìíràn a tún máa ń jà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí ìwé rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tí ń bèèrè rẹ̀.

Èmi fúnra mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpótí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní kéú, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ikán ti débẹ̀ ṣáájú wa. Kásíídà tí bàbá náà máa ń kà fún wa lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, etí ìwé rẹ̀ díẹ̀ ni a rí. Mo mọ ìlà mẹ́rin lórí nínú rẹ̀. Ẹnì kejì mi nílé kéú mọ méjì mìíràn. Ohun tó kù nìyẹn nínú iṣẹ́ tí bàbá ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, kí ni ó ń mú kí ewì àáfà kan dé ọwọ́ aráyé, tí ti ẹlòmíràn fi ń kú sínú àpótí? Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ wa, wọn á ní owó ìtẹ̀wé ni. Mo gbà pé owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn wò dáadáa, a ó rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ akéwì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé ewì jáde; ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn tì í lẹ́yìn.

EWÌ NÍNÚ ÌSÌLÁÀMÙ

Ẹnì kan lè sọ pé, kí ló kan àáfà kan ewì? Ó lè tọ́ka sí ìparí Sùúrà Ash-Shu'arā', níbi tí Ọlọ́hun ti bá àwọn akéwì wí. Òótọ́ ni, àmọ́ kí onítọ̀hún kà á dé òpin. Ọlọ́hun yọ àwọn kan sọ́tọ̀ níbẹ̀: àwọn tí wọ́n gbàgbọ́, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ rere, tí wọ́n sì ń rántí Rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó sì wà nínú hádíìsì pé wọ́n gbé mínbárì kalẹ̀ fún Hassān ọmọ Thābit nínú mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Mọ̀dínà, kí ó lè fi ewì gbèjà Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ka'b ọmọ Zuhayr ńkọ́? Ó ti fi ẹnu bú Ànábì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó ronú pìwà dà, ewì ni ó gbé wá síwájú rẹ̀ láti fi tọrọ àforíjì, Ànábì sì forí jì í. Nítorí náà, ewì fúnra rẹ̀ kò burú. Ohun tí a fi ṣe ni a ó bi wá léèrè.

BÍ EWÌ ṢE Ń JÁDE NÍ AYÉ ÀWỌN LÁRÚBÁWÁ ÀTIJỌ́

Ka'b tí mo dárúkọ yìí, akéwì ni bàbá rẹ̀. Zuhayr, bàbá rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n ni àwọn ewì gígùn tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Mu'allaqāt. Nígbà ayé Zuhayr kò sí ìwé títẹ̀, àwọn tí ó mọ̀wé kọ pàápàá kò pọ̀. Báwo wá ni ewì ṣe ń jáde? Akéwì ńlá kọ̀ọ̀kan a máa ní ẹni tí wọ́n ń pè ní rāwī. Rāwī yìí ni yóò há ewì ọ̀gá rẹ̀ sórí, tí yóò máa kà á káàkiri láàrin àwọn ẹ̀yà, tí yóò sì máa ṣàlàyé ohun tí ó fà á tí wọ́n fi ké e. Wọ́n tún ní ọjà Ukāz nítòsí Tā'if, níbi tí àwọn akéwì ti ń pàdé lọ́dọọdún. Ìtàn sọ pé wọ́n máa ń pa àgọ́ aláwọ pupa fún an-Nābigha níbẹ̀, àwọn akéwì a sì máa wá ka ewì wọn síwájú rẹ̀ kí ó lè sọ èyí tí ó dára jù.

Rāwī kì í ṣe ẹni tí ó kàn ní làákàyè tí kì í gbàgbé. Akéwì tí ń kọ́ṣẹ́ ni. Zuhayr ti kọ́kọ́ ṣe rāwī fún Aws ọmọ Hajar. Ka'b àti al-Hutay'a gba ti Zuhayr. Hudba gba ti al-Hutay'a, Jamīl gba ti Hudba, Kuthayyir sì gba ti Jamīl. Kuthayyir kú ní ọdún 105 lẹ́yìn Hijra, èyí tí í ṣe ọdún 723. Ẹ ká wọn: láti ayé àìmọ̀kan, ṣáájú Ìsìláàmù, títí dé ayé àwọn ọba Banū Umayya, ọ̀kan ń gbà á lọ́wọ́ èkejì bí a ti ń gba hádíìsì. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí owó ìtẹ̀wé, síbẹ̀ ewì náà dé ọ̀dọ̀ àwa. Ẹlẹgbẹ́ àti ọmọṣẹ́ ni wọ́n fi gbé e jáde.

TAKHMĪS: ẸLẸGBẸ́ Ń DÁ ẸLẸGBẸ́ LÓHÙN

Nígbà tí kíkọ wá gbilẹ̀ láàrin Mùsùlùmí, ọgbọ́n mìíràn tún dé. Ọgbọ́n náà ni takhmīs. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ọmọ wa ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ìlà ewì Lárúbáwá máa ń ní apá méjì. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe takhmīs yóò mú ìlà ẹlòmíràn, yóò kọ apá mẹ́ta tirẹ̀ síwájú apá méjì náà. Ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀kan, ìparí apá mẹ́ta tuntun náà sì gbọ́dọ̀ bá ìparí apá àkọ́kọ́ ti ẹni ìṣáájú mu. Apá márùn-ún nìyẹn. Láti ara khamsa, tí í ṣe márùn-ún, ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú èyí. Ẹni tí yóò ṣe takhmīs sí ewì rẹ kò lè fojú gán-án-ní rẹ̀ kí ó kọjá. Ó ní láti mọ̀ ọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó mọ ohun tí o ń rò kí o tó sọ ọ́, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ tìrẹ. Àwọn méjèèjì lè má tíì fojú kan ara wọn rí.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ilé kéú wa. Al-Fāzāzī, ọmọ Kọ́dóbà ní ilẹ̀ Andalùs, tí ó kú ní Marrakesh ní ọdún 627 lẹ́yìn Hijra, èyí tí í ṣe ọdún 1230, kọ ewì ìyìn fún Ànábì. Ó fi ogún ìlà fún lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní 'Ishrīniyyāt, nítorí pé 'ishrūn ni ogún. Ibn Mahīb wá ṣe takhmīs sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí ọ̀pọ̀ àáfà ní Ìlọrin àti ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ jù, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ kéú, ti àwọn méjèèjì papọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé náà dání, iṣẹ́ ènìyàn méjì ni ó gbé. Ẹnì kejì yìí ni ó bá ẹni àkọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ wa.

SÓKÓTÓ

Àṣà yìí ni àwọn àlímù Sókótó bá, tí wọ́n sì mú lò. Ní ọdún 1813, Shaykh Abdullāh, àbúrò Shehu Uthmān ọmọ Fódìó, parí ìwé kan tí ó pè ní Tazyīn al-Waraqāt. Ó kó àwọn ewì tí ó ti kọ jọ síbẹ̀, ó sì sọ ìtàn ohun tí ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ kú, èyí lẹ́yìn ogun, èyí láti fi ké sí àwọn ènìyàn. Bí kò bá kó wọn jọ bẹ́ẹ̀, àwa ìbá máa rí ewì kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, a kò sì ní mọ ìdí wọn.

Nana Asmā'u, ọmọ Shehu, tí wọ́n bí ní 1793, tí ó sì kú ní 1864, tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ewì ní Lárúbáwá, ní Fúlàní àti ní Haúsá. Ó ṣe takhmīs sí ewì bàbá rẹ̀. Nígbà tí àlímù kan wá láti Shinqīt ní ilẹ̀ Mọriténíà, ewì Lárúbáwá ni ó kọ láti fi kí i káàbọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ó kó àwọn obìnrin jọ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní 'Yan Taru. Àwọn ìyá láti abúlé a máa tẹ̀lé aṣáájú wọn, tí wọ́n ń pè ní jàjí, wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn a kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nínú ewì, wọn a há a sórí, wọn a sì gbé e padà sílé lọ kọ́ àwọn tí kò lè wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kàwé. Síbẹ̀ àwọn ni wọ́n jẹ́ ìwé fún ewì náà.

Ó pẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Ọdún 1963 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ Tazyīn al-Waraqāt, tí Mervyn Hiskett ṣe àtúntò rẹ̀. Ẹ yọ 1813 kúrò nínú 1963: àádọ́jọ ọdún gbáko. Àkójọ iṣẹ́ Asmā'u tí Jean Boyd àti Beverly Mack ṣe, 1997 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà, ọdún 133 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ni ó ń gbé ewì jáde, kí ni àwọn yẹn ìbá rí tẹ̀? Àwọn tí wọ́n ń dà á kọ, tí wọ́n sì ń kà á láti ẹnu sí ẹnu, ni wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé.

ÌLỌRIN ÀTI ILẸ̀ YORÙBÁ

Ní Ìlọrin, tí ó wà lábẹ́ àsíá Sókótó láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àṣà yìí fìdí múlẹ̀. Àwọn àáfà ń fi tàdáwà dà ìwé kọ, ọmọ kéú ń da ti olùkọ́ rẹ̀ kọ. Ewì ni wọ́n fi ń kí ẹni tí ó ti Mẹ́kà dé, òun ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ àlímù tí ó kú, òun ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn láti ìlú dé ìlú. Àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá, èyí tí à ń pè ní àjámì. Badamāsī ti Agbájí ní Ìlọrin, ní ọ̀rúndún kan náà, wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ó kọ ewì Yorùbá lọ́nà yìí. Wáákà tí àwọn ìyá wa ń kọ níbi wòlímọ̀ náà, ọmọ ìyá ewì yẹn ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ní àkókò kan náà, àwọn ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1859 ni Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta. Ní 1875, wọ́n jókòó ní Èkó, wọ́n fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1884, gbogbo Bíbélì ti jáde ní Yorùbá. Àwọn àáfà wa ti ń kọ Yorùbá tiwọn náà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ohun tí ẹnì kan kọ ní Ìlọrin lè ṣòro fún ẹlòmíràn láti kà ní Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n fi jù wá lọ níbẹ̀. Wọ́n ti pàdé, wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó tẹ ìwé púpọ̀.

LÁTI KÁÍRÒ DÉ AGÉGE

Ìwé Lárúbáwá títẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa. Ní nǹkan bí ọdún 1820 ni Muhammad Alī dá ilé ìtẹ̀wé Būlāq sílẹ̀ ní Káírò, láti ìgbà náà ni ìwé ti ń ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ní ọ̀nà jíjìn. Àwa ń ra ìwé. A kì í sábà gbé tiwa lọ.

Àwọn tí wọ́n yí èyí padà ní ilẹ̀ wa, inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti jáde. Ní Ìlọrin, Tāj al-Adab kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ yí ìmọ̀ èdè Lárúbáwá àti ewì ká, débi pé orúkọ rẹ̀ di orúkọ wọn. Shaykh Kamālu d-Dīn al-Adabī, tí ó dá Ansāru l-Islām sílẹ̀ ní 1942, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni Shaykh Ādam Abdullāh al-Ilūrī, tí wọ́n bí ní 1917, lọ sí Káírò ní 1946. Ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955. Kò fi mọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ilé ìtẹ̀wé Lárúbáwá wà ní Agége, Matba'at ath-Thaqāfa al-Islāmiyya, tí ìwé púpọ̀ ti ibẹ̀ jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú iṣẹ́ bàbá náà ni pé kò fi ẹ̀rọ gbé orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Ní 1967 ó gbé Misbāh ad-Dirāsāt al-Adabiyya jáde lórí iṣẹ́ ewì àti lítíréṣọ̀ Lárúbáwá ní Nàìjíríà. Ní 1982 ó kọ ìwé mìíràn lórí àwọn gbajúmọ̀ àlímù Ìlọrin. Àlímù tí ó ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ iye ohun tí ó fi sílẹ̀, Shaykh Ādam kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ó kú ní 1992, kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Àwọn yunifásítì náà ṣe tiwọn. Ní 1964, Ìbàdàn dá ibùdó sílẹ̀ fún kíkó ìwé Lárúbáwá àfọwọ́kọ jọ. John Hunwick wà nídìí rẹ̀. Ní 1995, ó gbé ìwé ńlá jáde tí ó to orúkọ àwọn àlímù agbègbè wa àti iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ, ti Ìlọrin àti ilẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlétè náà ti ní ibùdó fún ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Ẹni tí ó bá ní òun kò mọ ibi tí òun lè gbé ìwé bàbá òun lọ, kò tíì bèèrè ni.

IBI TÍ A KÙ SÍ

Lóde òní, ìtẹ̀wé kò ṣòro bíi ti àtijọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára yóò kọ kásíídà sórí ìwé funfun, ilé ìtẹ̀wé yóò yà á ní fọ́tò, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́. Akéwì yóò san owó, yóò pín in níbi wòlímọ̀ tàbí níbi tí wọ́n ti ń wé láwàní. Wọn yóò ná an lówó, wọn yóò ṣe é ní "Máà shá Allāh", ó parí. Nígbà tí yóò fi di ọdún tí ń bọ̀, ìwé náà ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń bi yín, ṣé ìyẹn jáde? A kàn gbé e kúrò nínú àpótí ẹnì kan sínú àpótí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni.

Mo ti jẹ nínú ìyà yìí. Kásíídà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀, níbi tí mo ti ń tọrọ rahma, tí í ṣe àánú, àmì kan ṣoṣo bọ́ sórí rā', ó di zahma, tí í ṣe ìfúnpọ̀ èrò. Mo ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ó fún mi pọ̀ mọ́ èrò! Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. N kò dá ẹni tí ó kọ ọ́ lẹ́bi, n kò sì dá ilé ìtẹ̀wé lẹ́bi. Èmi ni mi ò fún ẹlẹgbẹ́ mi kankan kà kí n tó gbé owó sílẹ̀. Ìgbéraga ni, mo sì ti tọrọ àforíjì. Ọ̀pọ̀ wa ni àìsàn yẹn ń ṣe: ọmọ Markaz kò ní fún ọmọ Adabiyya kà, ẹni tí ó kàwé ní Káírò kò ní fún ẹni tí kò kúrò nílé rí. Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ń dá ké nínú igbó tirẹ̀.

OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN SÍ

Èkíní, kí àáfà tí ó bá ní ewì dà á kọ ní ẹ̀dà méjì ó kéré tán, kí ó kọ orúkọ, ọjọ́ àti ohun tí ó fà á sí i, bí Shaykh Abdullāh ti ṣe. Kí ẹ̀dà kejì má ṣe wà nínú ilé kan náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní fóònù tí ń ya fọ́tò, ẹ lọ ya ìwé bàbá yín ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ikán tó yà á.

Èkejì, kí a máa fún ẹlẹgbẹ́ kà kí ó tó dé ilé ìtẹ̀wé, ẹlẹgbẹ́ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wa gan-an ni ó dára jù, nítorí kò ní ṣojú fún wa.

Ẹ̀kẹta, kí a sọ takhmīs di àṣà padà láàrin àwọn alààyè. Bí ẹnì kan bá kọ, kí ẹlòmíràn dá a lóhùn. Kí a sì fi ìtumọ̀ Yorùbá sí i ní lẹ́tà tí àwọn ìyá wa lè kà, kí wọ́n lè gbé e bí 'Yan Taru ti gbé ti Asmā'u.

Ẹ̀kẹrin, mo bẹ àwọn àgbà ìpàdé yìí pé kí wọ́n ya ojú ewé mẹ́wàá sọ́tọ̀ nínú ìwé ọdọọdún yìí fún ewì: márùn-ún fún àwọn tí ó ti kú, márùn-ún fún àwọn tí ó wà láàyè. Kò ní ná wa ní púpọ̀. Kí ewì tí ó kàn ń yin olówó nítorí owó má ṣe bá wọn wọ ibẹ̀.

Ìlà mẹ́fà tí ó kù nínú ewì olùkọ́ mi, èmi àti ẹnì kejì mi ti kọ wọ́n sílẹ̀ ní ibi mẹ́rin. Mo ti ṣe takhmīs sí mẹ́ta. Mo fi mẹ́ta tí ó kù sílẹ̀ fún un. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbọ́ kásíídà náà rí lẹ́nu bàbá, tí ìlà kan bá kù sí i lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó bá yín lọ.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn olùkọ́ wa, kí Ó sọ ohun tí wọ́n kọ di sàdáákà tí kì í tán fún wọn, kí Ó sì fi ìfẹ́ sáàrin àwa tí wọ́n fi sílẹ̀. Wa bi l-Lāhi t-tawfīq. Wa s-salāmu alaykum wa rahmatu l-Lāhi wa barakātuh.